Ìwé Gbèsè Kì í Ṣe Ìwé Ẹ̀rí Ìwà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ilé sọ ní Springfield Gardens, Queens, ìlú New York

Ẹ̀yin tí ẹ ríṣẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá a, ẹ kú ìforítì. Ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín dìde lónìí.

Láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, ènìyàn mẹ́rin ló ti wá bá mi nínú ilé yìí nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí n da owó ẹyọ. Mo dà á fún wọn, ṣùgbọ́n kí n tó dà á, mo bi olúkúlùkù pé: ìwé wo ni wọ́n gbé fún ọ pé kí o fọwọ́ sí? Mẹ́ta nínú wọn sọ pé àwọn rí ibì kan nínú ìwé náà tí agbanisíṣẹ́ ti fẹ́ wo kírẹ́díìtì àwọn. Ọ̀kan fọwọ́ sí i láì kà á. Ọ̀kan bínú, ó sọ̀rọ̀ líle sí wọn, ó sì jáde. Ti ẹnì kẹta ló dùn mí jù. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò, kò sì padà síbẹ̀ mọ́, nítorí ojú ń tì í. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni. Kò sẹ́ni tó lé e. Òun ló lé ara rẹ̀.

Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé sílẹ̀ lónìí kí a lè wo ìwé náà dáadáa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń pa ìtàn gbèsè àwa ará Amẹ́ríkà mọ́: Equifax, Experian àti TransUnion. Ẹni tó yá wa lówó, báńkì tó fún wa ní káàdì, ẹni tó ta mọ́tò fún wa láwìn, gbogbo wọn ń ròyìn wa fún àwọn mẹ́ta yìí: iye tí a jẹ, ìgbà tí a san, ìgbà tí a pẹ́. Bí ènìyàn bá lọ sí kóòtù láti sọ pé apá òun kò ká gbèsè mọ́, ìyẹn náà á wà níbẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọdún 10. Ilé tí báńkì gbà lọ́wọ́ ènìyàn á wà níbẹ̀ fún ọdún 7. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní apá ibí yìí ní Queens ní ọdún 2008 àti àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, n kò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ẹ rí àwọn ilé tí wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé wọn, láti Jamaica títí dé àdúgbò wa níbí.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Iye owó tó wà nínú báńkì yín kò sí níbẹ̀. Èésú tí àwọn ìyá wa láti Trinidad àti Grenada ń dá, tí wọ́n ń pè ní susu, tí wọn kò jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀ láti ogún ọdún, kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni èésú náà, ó bá àwọn ènìyàn wa kọjá omi, ó sì tún bá wọn dé Queens, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yẹn kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, èyí tí wọ́n ń pè ní score, kì í sí nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ ní ti ìyẹn.

Olùkọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n yà sínú ìtàn díẹ̀. Láyé àwọn baba ńlá wa, onígbèsè kì í ní ìsinmi. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Olówó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀, ẹni yìí á wọ agbo ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa mú adìẹ tó bá rí, títí àwọn ará ilé á fi wá owó náà jáde. Ìyẹn ni dídógò. Ìwọ̀fà náà tún wà: ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Ojú owó kò dín. N kò ní í yin ìwọ̀fà fún yín. Ìyà ni, àwa tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó àwọn baba wa wá síhìn-ín kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu wa yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan. Pẹ̀lú gbogbo ìnira inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún onígbèsè pé kó má ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń lépa gbèsè. Ti ìlú tí a wà yìí ló yí i po: nítorí pé o jẹ gbèsè, a kò ní í gbà ọ́ síṣẹ́, nítorí pé o kò ríṣẹ́, gbèsè rẹ á máa wú. Ológò ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ra fún olè ni. Ní ọdún 2010, nígbà tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Oregon ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ yìí, aṣojú TransUnion kan, Eric Rosenberg, jẹ́wọ́ níwájú wọn pé ilé-iṣẹ́ òun kò ní ìwádìí kankan tó fi hàn pé ohun tó wà nínú ìwé náà bá bí ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, tàbí pé ó lè sọ ẹni tí yóò lu jìbìtì. Ẹni tó ń ta ọjà náà ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ìlú New York gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Brad Lander, aṣòfin ìlú láti Brooklyn nígbà náà, gbé àbá òfin kan wá, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Bill de Blasio tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Stop Credit Discrimination in Employment Act ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dárúkọ òfin, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀ létí agbanisíṣẹ́.

Ohun tó sọ kò le: agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú yìí kò gbọdọ̀ béèrè ìtàn gbèsè ẹni tó ń wá iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ rà á lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn. Kò gbọdọ̀ fi ẹnu bi ọ́ pé èló lo jẹ, tàbí pé ṣé ilé rẹ ti bọ́ sọ́wọ́ báńkì rí. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gbé sókè tàbí tí wọ́n fẹ́ dá dúró, òfin náà bo òun náà.

Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin náà yọ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará ibí jù. Ọlọ́pàá wà lára wọn. Iṣẹ́ tí òfin sọ pé ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní onídùúró tó fi owó dúró fún un wà lára wọn. Bákan náà ni iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ ààbò ìjọba, iṣẹ́ ẹni tó lè yí ètò ààbò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ padà, àti ti ẹni tó lè buwọ́ lu owó oníowó tó tó 10,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọ̀rọ̀ tan ènìyàn: kí ènìyàn máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kò sọ ọ́ di ẹni tó ń buwọ́ lu owó. Akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìṣirò owó kò sí nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ kìkì nítorí pé owó ni wọ́n ń kà níbẹ̀.

Pápákọ̀ òfurufú JFK wà lẹ́yìnkùlé wa. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀yin tí mo ń wò yìí, ibẹ̀ lẹ ti ń jẹun, tàbí nínú àwọn ilé ẹrù tó wà lójú ọ̀nà Rockaway Boulevard. Ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń kó ẹrù, tó ń tọ́jú ọkọ̀, tó ń ta oúnjẹ nínú pápákọ̀, òfin ìlú mú un bó ṣe mú àwọn yòókù. Káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn kí wọ́n tó lè wọ ibi ọkọ̀ òfurufú, ìka ọwọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ fún un. Ìtàn ọ̀ràn dídá ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe gbèsè. Àwọn TSA tó ń yẹ ẹrù wò ló yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, òfin ìlú kò sì de ìjọba àpapọ̀. Àyẹ̀wò kírẹ́díìtì wà nínú ìgbaniwọlé wọn, wọ́n sì ń wo owó orí tí ènìyàn kò san àti owó ìtọ́jú ọmọ tó ti kọjá ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yẹn, kó kọ́kọ́ lọ tún ibẹ̀ ṣe, kó bá àwọn tó ń jẹ lówó ṣe àdéhùn tó wà lákọsílẹ̀, kó tó fi orúkọ sílẹ̀.

Ààlà ìlú náà kò jìnnà sí wa. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Green Acres ní Valley Stream, ẹ ti kúrò ní New York City, ẹ ti wọ Nassau. Òfin ọdún 2015 kò tẹ̀lé yín débẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni Gómìnà Kathy Hochul buwọ́ lu irú òfin kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀ New York, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2026 sì ni wọ́n dá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun náà ní àwọn iṣẹ́ tó yọ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìlú.

Ó yá, wọ́n gbé ìwé náà síwájú rẹ. Kí lo máa ṣe?

Kọ́kọ́ kà á, kí o sì mọ ọ̀rọ̀ kan tó máa ń da ènìyàn láàmú: consumer report. Nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1970, Fair Credit Reporting Act, ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò ju gbèsè lọ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń bá agbanisíṣẹ́ wádìí ibi tí o ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé ẹ̀rí rẹ, tàbí ọ̀ràn kóòtù rẹ, consumer report ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, bí o bá rí i, má rò pé gbèsè rẹ ni wọ́n ń wá dandan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún máa ń lo ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n á kọ gbogbo nǹkan sínú rẹ̀, títí kan ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe níhìn-ín. Òfin 1970 náà sọ pé ìwé ìyọ̀ǹda yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró fúnra rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ sáàárín ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́. (Ti ọ̀ràn kóòtù ní òfin tirẹ̀ ní ìlú yìí, Fair Chance Act, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.)

Lẹ́yìn náà, béèrè. Má ṣe é bí ẹni tó ń jà, má sì ṣe é bí ẹni tó ń tọrọ. Sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìtàn kírẹ́díìtì wà nínú àyẹ̀wò yìí? Bí ó bá wà, èwo nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin ìlú yọ sílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí?" Fi í ránṣẹ́ nínú email kí ó lè ní ọjọ́ àti àkókò. Àjọ ìlú tó ń mójú tó òfin náà ti sọ fún àwọn agbanisíṣẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ pé iṣẹ́ kan yọ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ pamọ́ fún ọdún 5. Nígbà púpọ̀, ẹni tó wà ní ọ́fíìsì yẹn kò tilẹ̀ mọ òfin. Ìbéèrè rẹ á rán an lọ bi ọ̀gá rẹ̀, wọ́n á sì fi igun kan yọ kírẹ́díìtì kúrò nínú àyẹ̀wò náà láì sí ariwo. Bí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ má bàa bọ́, mo mọ̀ pé ebi kì í gbọ́ òfin. Fọwọ́ sí i bí o bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ya ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ìbuwọ́lùwé rẹ kò sọ ohun tí òfin kọ̀ di ohun tó tọ́.

Má purọ́. Bí iṣẹ́ náà bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, tí wọ́n sì bi ọ́, sọ bó ṣe rí ní gbólóhùn méjì: ilé bọ́, tàbí àìsàn dé, ohun tí mo ń ṣe nípa rẹ̀ nìyí. Má jókòó máa sunkún sí wọn lọ́rùn. Gbèsè ilé ìwòsàn, ní tirẹ̀, kò tún yẹ kó wà nínú ìwé náà mọ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn fi í ránṣẹ́ síbẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn. Òfin ìjọba àpapọ̀ mọ ìyẹn. Bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ tìtorí ìwé yẹn kọ̀ ọ́, kó tó kọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ fún ọ ní ẹ̀dà ìwé náà àti ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ. Bí ó bá sì wá kọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fún un ní ìròyìn náà, o sì ní ọjọ́ 60 láti gba ẹ̀dà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 30 láti wádìí rẹ̀. Àbúrò wa kan nínú ilé yìí rí gbèsè káàdì kan nínú ìwé rẹ̀ tí kò jẹ rí. Obìnrin mìíràn tí orúkọ wọn jọra ló ni ín. Ó kọ̀wé, ó fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ tì í, wọ́n sì yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan àwa ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lọ sí kóòtù, a ti fi orúkọ tí wọ́n fún àwọn baba wa nínú oko ẹrú sílẹ̀, a ti gba orúkọ Yorùbá. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá gba orúkọ tuntun tí a kò sì sọ fún báńkì, ìtàn wa á pín sí méjì: ìdajì rere rẹ̀ á wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́, ẹni tó ń wò wá á sì rò pé ènìyàn tí kò ní ìtàn ni wá. Ọ́fíìsì Social Security ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé kóòtù náà lọ, lẹ́yìn náà báńkì, lẹ́yìn náà gbogbo ẹni tí ẹ jẹ lówó. Bí ìwé iṣẹ́ bá béèrè orúkọ tí ẹ ti ń jẹ́ rí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ náà bákan náà níbi gbogbo, nítorí kọ̀ǹpútà wọn kò mọ àmì ohùn, Ọ̀ṣun àti Osun lè di ènìyàn méjì lójú ẹni tó ń tẹ̀wé.

Bí agbanisíṣẹ́ bá ti rú òfin ìlú, New York City Commission on Human Rights ni ẹ ó lọ bá. Ẹ pe 311, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ wọn. Ọdún kan lẹ ní láti gbé ẹ̀sùn lọ síbẹ̀, ọdún 3 sì ni bí ẹ bá fẹ́ lọ sí kóòtù fúnra yín. Àjọ náà lè bu owó ìtanràn tó tó 125,000 dọ́là fún agbanisíṣẹ́, tàbí 250,000 bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọn kò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára ẹni tó fẹjọ́ sùn. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó gba ẹ̀sùn, ẹ̀yin àlejò inú ilé wa, ẹ gbọ́ ìyẹn.

Àwọn tó ń lẹ ìwé mọ́ òpó iná ní Merrick Boulevard pé àwọn á fọ kírẹ́díìtì yín mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn á ṣe. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ìwé náà, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ kó tó tó àkókò. Ohun tó jẹ́ irọ́, ẹ̀yin fúnra yín lè yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú ní àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Financial Empowerment Center, tí olùdámọ̀ràn á ti jókòó tì yín láì gba owó. 311 kan náà ni.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, láti agogo 11 àárọ̀, èmi àti àwọn ọmọ wa méjì tó mọ kọ̀ǹpútà lò á wà ní yàrá ẹ̀yìn. A ó ṣí AnnualCreditReport.com fún ẹnikẹ́ni tó bá wá. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà Social Security yín dání, ẹ mú àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí ẹ gbé tẹ́lẹ̀ wá, ẹ sì rántí ẹni tó yá yín lówó mọ́tò ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nítorí wọ́n máa ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dán ènìyàn wò. Ẹni tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀, a ó bá a kọ lẹ́tà. Wọ́n ní láti fi í ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 15 tí wọ́n bá ti gbà á. Ẹnì kan kò ní í wo ìwé ẹnì kejì. Àbúrò mi tó fi ìwé yẹn sínú àpò, mo mọ̀ pé o wà níbí. Mú un wá pẹ̀lú, wọn kò tíì gba ẹlòmíràn síṣẹ́ náà.